Ilé Mọ́tò ní Piccadilly

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ jókòó ti rédíò pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ má ṣe tíì gbé pẹ́ńsùlù yín sílẹ̀, nítorí a óò ṣe ìṣirò kékeré kan kí ọ̀rọ̀ wa tó parí.

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo fẹ́ kí a yí òwe náà padà díẹ̀. Orúkọ ni a óò kọ́kọ́ wò, kí a tó mọ ilé.

Ilé kan wà ní ìlú London, ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Piccadilly. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 160. Bí ẹ bá dúró ní òdìkejì títì tí ẹ kọjú sí i, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí wọ́n ń pè ní Ritz, èyí tí wọ́n ṣí ní 1906, ni ẹ óò rí ní ọwọ́ ọ̀tún yín. Òpópónà kékeré kan ṣoṣo ni ó la àwọn méjèèjì láàárín. Ilé àrójẹ ni ilé tí mo ń sọ yìí lónìí. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni àwọn ènìyàn ń wọ ibẹ̀, tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n ń jẹ ẹyin àti búrẹ́dì, tí wọ́n sì ń wo ara wọn lójú. Orúkọ tí ó wà lára ilé náà ni The Wolseley.

Ta ni Wolseley? Ṣé alásè ni? Ṣé orúkọ ẹni tí ó ni ilé oúnjẹ náà ni? Rárá o.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ inú ilé náà, kì í ṣe oúnjẹ ni ó yà mí lẹ́nu. Òkè ni mo ń wò bí ará oko. Àjà ilé náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn fi ń dun ènìyàn, ó sì rí bí ìgbà tí a bá da igbá púpọ̀ dojú dé ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn òpó ńláńlá ni wọ́n gbé e ró, tí a fi ọ̀dà dídán kùn, irú èyí tí àwọn ará Jàpáánì ń lò. Òkúta mábìlì dúdú àti funfun ni wọ́n tò sí ilẹ̀. Mo wá bi ara mi pé, irú ènìyàn wo ni ó ń jẹ ẹyin tí ó nílò àjà tí ó ga tó báyìí? Ìbéèrè yẹn ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ilé kì í ti ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìsinsìnyí ni à á ti bẹ̀rẹ̀, tí a ó sì máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń bó àlùbọ́sà.

Èèpo àkọ́kọ́ kò le láti bó. Ọkùnrin méjì, Jeremy King àti Chris Corbin, ni wọ́n sọ ilé náà di ilé àrójẹ The Wolseley ní 1003 ó lé ẹgbẹ̀rún, èyíinì ni 2003. Kí wọ́n tó dé, àwọn kan ti fi ilé náà ta oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìyẹn fi parí.

Lábẹ́ èèpo yìí ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí dùn. Nínú ilé oúnjẹ náà, àpótí lẹ́tà kan wà lára ògiri, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta sítáǹpù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ta ni ó ń ta sítáǹpù fún ẹni tí ó wá jẹun? Bẹ́ẹ̀ ni yàrá kékeré méjì wà nítòsí ẹnu-ọ̀nà, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, tí wọn kò jọ ohun tí ẹni tí ó kọ́ gbọ̀ngàn ńlá náà ní lọ́kàn. Ó dà bí ìgbà tí a bá rán àpò mọ́ agbádá lẹ́yìn tí a ti rán agbádá tán. Àwọn yàrá wọ̀nyí àti ẹ̀rọ sítáǹpù yẹn ni ẹsẹ̀ tí báǹkì fi sílẹ̀. Báǹkì Barclays ni ó wà nínú ilé náà láti 1927 títí di 1999. Ní ọdún méjìléláàádọ́rin yẹn, àwọn tí ń kọjá ní Piccadilly kò mọ ilé náà sí ohun mìíràn ju báǹkì lọ. Yàrá tí ọ̀gá báǹkì fi ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó wá yá owó, inú irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mu tíì àti ọtí báyìí.

Ṣùgbọ́n báǹkì kọ́ ni ó kọ́ ilé náà. Ẹ wo iwájú ilé. Ẹnu-ọ̀nà ńláńlá mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, tí orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí wọ́n fẹ̀ tí wọ́n sì ga. Báǹkì kì í fẹ́ ẹnu-ọ̀nà gbàgàdà. Ẹni tí ń tọ́jú owó a máa fẹ́ ẹnu-ọ̀nà tóóró tí a lè tì. Ẹ wo inú. Àwọn òpó jìnnà sí ara wọn, ilẹ̀ le, àyè sì gba ohun tí ó tóbi láti yí padà láàárín wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ ilé yìí fún tóbi ju ènìyàn lọ, ó wúwo ju tábìlì lọ, ẹni tí ó ni ín sì fẹ́ kí gbogbo ayé rí i láti títì. Mọ́tò ni.

Wolseley ni orúkọ mọ́tò náà. Ní 1921 ni wọ́n ṣí ilé yìí, ní ilé ìpàtẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ilé iṣẹ́ Wolseley. Lórí mábìlì dúdú àti funfun yẹn, níbi tí tábìlì oúnjẹ wà lónìí, ni wọ́n to mọ́tò sí kí àwọn olówó lè wá wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé sílẹ̀ ná, kí n tọ orúkọ lẹ́yìn, nítorí ibi tí orúkọ yìí ti wá yóò pa yín lẹ́rìn-ín.

Wolseley jẹ́ orúkọ ìdílé kan láti ilẹ̀ Ireland. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti pàdé ọ̀kan nínú wọn: Garnet Wolseley, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí ó kó ogun ja àwọn Aṣanti, tí ó sì sun Kumasi ní 1874. Òun kọ́ ni ó ni mọ́tò. Àbúrò rẹ̀ Frederick ni a ń wá. Frederick kò bá wọn lọ sí ojú ogun. Australia ni ó lọ, ó sì ń sin àgùntàn níbẹ̀. Irun àgùntàn ni ọrọ̀ ilẹ̀ náà nígbà náà, àlùmágàjí sì ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ lọ́wọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Frederick Wolseley ṣe ẹ̀rọ tí ó lè rẹ́ irun náà. Ní 1887 ó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Sydney tí yóò máa ta ẹ̀rọ yìí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá sí Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lábẹ́ wọn tí ń jẹ́ Herbert Austin. Bẹ́ẹ̀ ni, Austin kan náà tí ẹ̀yin àgbà mọ̀. Ẹ rántí Austin tí ó máa ń gun òkè tí gbogbo èrò inú rẹ̀ yóò fi máa kígbe? Ẹni tí ó ni orúkọ yẹn ni. Austin kúrò ní Australia ní 1893, ó wá ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ ní Birmingham. Ìṣòro tí ó bá níbẹ̀ ni pé àgùntàn kì í hu irun ní gbogbo ìgbà. Bí àkókò irun rírẹ́ bá ti kọjá, iṣẹ́ a dá, ẹ̀rọ a dúró, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa wo ojú ara wọn. Austin wá bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun mìíràn tí wọ́n lè máa ṣe. Wọ́n ṣe ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ó sì di bí 1895 àti 1896, Austin ń gbìyànjú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí kò nílò ẹṣin. Láti inú irun àgùntàn ni mọ́tò Wolseley ti jáde.

Ní 1901, ilé iṣẹ́ Vickers, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ogun ojú omi àti ìbọn ńlá, ra apá ibi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Austin bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀. Ó kúrò ní 1905, ó sì dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Longbridge, kò jìnnà sí Birmingham. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní dé ní 1914, iṣẹ́ ogun gba ilé iṣẹ́ Wolseley. Nígbà tí ogun parí ní 1918, àwọn ọ̀gá rẹ̀ wo iwájú, wọ́n sì rò pé gbogbo ọmọ ogun tí ó ti wa ọkọ̀ lójú ogun ni yóò fẹ́ ra mọ́tò tí ó bá dé ilé. Wọ́n gba ilé iṣẹ́ ohun ìjà ńlá kan sí i ní Birmingham kí àyè lè gbà wọ́n. Wọ́n sì ní àwọn gbọ́dọ̀ ní ilé ìpàtẹ ní London tí irú rẹ̀ kò sí.

William Curtis Green ni ayàwòrán ilé tí wọ́n pè. Irú iṣẹ́ ilé tí ó wà ní ilẹ̀ Italy ni ó kó wá sí inú ilé náà ní Piccadilly: òpó, igbá àjà, mábìlì. Iṣẹ́ náà dára, kò sí àní-àní. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Britain fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí ilé yìí. Owó tí wọ́n ná sí i jẹ́ nǹkan bí £250,000.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, pẹ́ńsùlù yín dà?

Ní oṣù Kejì ọdún 1921, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí ilé mábìlì yìí, ọjà mọ́tò kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó wọ́n lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ọkùnrin kan wà ní Oxford tí ń jẹ́ William Morris, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ayé pẹ̀lú títún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mọ́tò kún ọgbà rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rà. Kí ni Morris ṣe? Kò kọ́ ilé. Ó dín owó ọjà kù. Mọ́tò Morris Cowley oníjókòó mẹ́rin tí ó ń tà ní £525 tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di £425 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ń bá a ṣe òwò rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó tà tó bíi 3,000 mọ́tò ní ọdún náà. Nígbà tí ó fi máa di 1923, ó ń tà ju 20,000 lọ lọ́dún.

Ó yá, ẹ pín £250,000 sí ọ̀nà £425. Mélòó ni? Mọ́tò 588, pẹ̀lú owó díẹ̀ lórí. Èyíinì ni pé owó tí wọ́n fi kọ́ ilé tí wọn yóò ti máa ta mọ́tò tó owó tí ẹni tí ó wà ní òpópónà lè fi ra 588 mọ́tò lọ́wọ́ Morris. Àwọn àgbà ní kí á gún iyán nínú odó, kí á se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Èèpo ẹ̀pà ni Morris fi se ọbẹ̀ tirẹ̀.

Kí 1926 tó parí, gbèsè ti bo Wolseley mọ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí òfin yàn láti tà á fún ẹni tí ó bá lè ra á. Ní 1927 ni wọ́n gbé e sí ọjà. Ta ni ó wá rà á? Herbert Austin wà lára wọn, Austin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mọ́tò Wolseley àkọ́kọ́, tí ó ti bínú kúrò níbẹ̀ ní 1905. Ẹni kejì tí kò fẹ́ kí ó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ ni William Morris. Wọ́n ń fi owó lé owó, títí Morris fi dá £730,000, tí ó sì jẹ́ owó àpò ara rẹ̀, tí ó gbé ọjà lọ. Wọ́n ní ó dun Austin gidigidi. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ tí a bí bá ń lọ sí ilé ẹlòmíràn, tí a sì gbé owó lọ́wọ́ tí owó kò tó, bí ó ṣe ń rí kò ní àfiwé.

Ẹ tún wo iye náà. £730,000 ni wọ́n ta gbogbo Wolseley. Ilé kan ṣoṣo ní Piccadilly ti gba £250,000, tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ díẹ̀.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a ti ṣọ́ra. Ó rọrùn láti sọ pé ilé yìí ni ó pa Wolseley. Mo ti gbọ́ ọ láti ẹnu àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé nìkan kọ́. Ilé iṣẹ́ tí ó tóbi ju ọjà lọ wà níbẹ̀. Ọdún tí owó wọ́n wà níbẹ̀. Mọ́tò tí ó wọ́n ju agbára ẹni tí ó fẹ́ rà á wà níbẹ̀. Ilé náà kàn jẹ́ ẹ̀yà kan nínú àṣìṣe náà tí ojú ṣì ń rí, nítorí pé òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìwé ìṣirò owó ti wọ inú àpótí, àwọn ọ̀gá ti kú, ṣùgbọ́n òpó ṣì dúró. Ohun tí ilé ń sọ fún wa ni bí ẹni tí ó kọ́ ọ ṣe fẹ́ kí a rí òun. Bí nǹkan ṣe rí fún un gan-an, ìwé ni yóò sọ ọ́. Ẹni tí ó bá wo ilé yìí nìkan ní 1921 yóò búra pé kò sí ilé iṣẹ́ mọ́tò tí ó lágbára tó Wolseley ní gbogbo ayé.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tọ ipa irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa lọ láti ara ògiri dé inú ìwé, a sì tún padà sí ara ògiri. Ní London, wọ́n ń tẹ ìwé kan lọ́dọọdún nígbà náà tí ó to gbogbo òpópónà pẹ̀lú nọ́ńbà ilé àti orúkọ oníṣòwò tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn bá ṣí ti ọdún kan, tí ó sì ṣí ti ọdún kejì, yóò rí i bí orúkọ ṣe ń yí padà ní ojú nọ́ńbà kan náà: mọ́tò lónìí, báǹkì lọ́la. Ìwé ìròyìn àtijọ́ náà wà, èyí tí àwọn tí ń ta mọ́tò fi ń polówó ọjà. Àwòrán ilé tí ayàwòrán fi gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú wà pẹ̀lú, àti ìwé ọ̀fíìsì tí a kọ nígbà tí ilé kọjá láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú wọn kò tó. Ìpolówó ọjà a máa parọ́. Ìwé orúkọ a máa pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ẹnìkan ti kó lọ.

Mo sọ pé n óò padà sí báǹkì. Nígbà tí Barclays gba ilé náà, ayàwòrán kan náà, Curtis Green, ni wọ́n ránṣẹ́ pè padà kí ó wá sọ ọ́ di báǹkì. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí a fi ran ọkùnrin náà! Òun ni ó kọ́ ọ kí ó gbàgàdà fún mọ́tò. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, ó ń fi yàrá àti káńtà dí i. Ó fi ọ̀wọ̀ ṣe é. Ọ̀dà dídán tí ó wà lára òpó ni ó fi kun ohun èlò báǹkì náà, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò fi rò pé ọjọ́ kan náà ni a ṣe gbogbo rẹ̀. Ó jọ pé nítorí náà ni ilé náà kò fi bàjẹ́ ní ọwọ́ ẹni kejì. Ọ̀pọ̀ ilé ni ẹni kejì máa ń pa.

Èyí mú mi rántí ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé gbọ́. Austin àti Morris tí a ń dárúkọ wọ̀nyí kò dúró sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìlú tí mo ti dàgbà, ilé kan wà nítòsí ọjà tí wọ́n ti ń ta aṣọ nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Iwájú rẹ̀ fẹ̀ ju ti ìsọ̀ aṣọ lọ, ilẹ̀ ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wá sí títì. Ní ẹ̀yìn, wọ́n fi pákó bo ihò gígùn kan tí ó jìn tó àyà ènìyàn. Àwa ọmọdé a máa sọ pé ibojì ni. Ọjọ́ kan ni bàbá àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní, “Ibojì kẹ̀? Inú ihò yẹn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Orí rẹ̀ ni mọ́tò ń dúró, abẹ́ rẹ̀ ni àwa ń wọ̀.” Ó ní Austin ni wọ́n ń tà níwájú, àwọn sì ń tún un ṣe lẹ́yìn. Ó dárúkọ àwọn ọ̀gá, ó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ó sọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀. Mo ní n óò mú ìwé wá kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí n óò fi padà, bàbá náà ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Wọ́n sì ti wó ilé náà. Kò sí ohun tí mo lè sọ fún yín nípa rẹ̀ mọ́ ju ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán yìí lọ.

Ilé ti Piccadilly ní oríire ju ìyẹn lọ. Òfin dáàbò bò ó, ẹnikẹ́ni kò sì lè wó o tàbí kí ó yí i padà bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n òfin tí ń ṣọ́ òkúta kì í ṣọ́ òwò. Ní 2022, ilé iṣẹ́ tí King àti Corbin fi ń ṣe àkóso ilé àrójẹ náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí òfin yàn láti tà á, gẹ́gẹ́ bí ti Wolseley ní 1926, àwọn tí wọ́n jọ ní in sì rà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Tábìlì kò kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹni tí ó wọlé mu tíì ní ọjọ́ kejì lè má mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Kí ni ó wá gbẹ̀yìn mọ́tò náà? Morris ń ṣe é lọ. Ó wà lára ohun tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ Wolseley tí ó wà níwájú rẹ̀ sì ní iná kékeré nínú, tí ó fi ń tàn lóru. Ẹni tí ó bá ní ohun tí ó ń sá fún, tí ó rí iná kékeré yẹn lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ní 1952, Austin àti Morris, àwọn méjì tí wọ́n du Wolseley mọ́ ara wọn lọ́wọ́, di ilé iṣẹ́ kan náà. Austin ti kú nígbà náà. Ní 1975 ni wọ́n ṣe mọ́tò Wolseley tí ó kẹ́yìn.

Ilé iṣẹ́ àgùntàn ti Frederick Wolseley kò parun ní tirẹ̀. Ó ń yí òwò padà títí ó fi di òwò páìpù omi. Títí di òní, ẹni tí ó bá ń fẹ́ páìpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wọ ìsọ̀ Wolseley kí ó rà á. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ tíì lè wọ Wolseley ní Piccadilly, kí ó sì jókòó sí ibi tí mọ́tò ti dúró rí lórí mábìlì. Mọ́tò nìkan ni kò sí ní tità mọ́.